Àárín Àpò Kajú

Láti ọjọ́ tí Sárà ti ń wọn kajú ní sítọ́ọ̀ bàbá rẹ̀ ní Òmù-Àrán, kò tíì rí ẹni tó ta ọjà tán tó tún padà wá fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn. Àfi ọkùnrin tó gun ọ̀kadà wọ àgbàlá láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Eruku pupa bò ó láti orí dé bàtà, eyín rẹ̀ nìkan ló funfun, bẹ́ẹ̀ ló sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹun.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, àǹtí. Àpò tí mo tà fún yín lánàá, àárín rẹ̀ tutù."

Sárà gbójú sókè. "Kí lẹ wí?"

"Òjò pa á lóko. Ìyá mi ló dì í kí n tó dé, ìgbà tí mo padà délé ni wọ́n tó sọ fún mi. Bí ẹ bá dà á mọ́ ti àwọn ẹlòmíì, gbogbo rẹ̀ ló máa bu. Ẹ jẹ́ kí n tú u, kí n sá a fún yín. Ambrose lorúkọ mi, láti Ìsánlú-Ìsin."

"Ẹ̀gbọ́n Ambrose, ṣé ara yín yá báyìí?"

"Ara mi yá, ọkàn mi ni kò jẹ́ n sùn."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń wá. Ó da kajú náà sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ó ń fi ẹsẹ̀ tú u ká nínú oòrùn. Lọ́jọ́ kìíní, Sárà bu omi fún un. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé iṣu sísè àti epo wá. Lọ́jọ́ kẹta, kajú ti gbẹ táútáú, síbẹ̀ Ambrose ò kúrò níbẹ̀.

"Ó ti gbẹ láti àárọ̀ o," ni Sárà wí.

"Mo mọ̀. Iṣẹ́ ló tán, ọ̀rọ̀ ò tíì tán. Ta ló se iṣu àná?"

"Èmi ni. Kí ló ṣe é?"

"Iyọ̀ pọ̀ jù. Mo ní kí n máa bọ̀ títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n."

Sárà ju àkísà ọwọ́ rẹ̀ lù ú. Ká má parọ́, inú rẹ̀ dùn dé ìka ẹsẹ̀.

Bàbá Sárà, Ebenezer, ni Baba Ìjọ nínú ìjọ wọn, ẹni iyì sì ni wọ́n nílùú. Ìwà ọmọkùnrin yìí wú wọn lórí. "Irú ẹni tí mo ti ń wá nìyí," ni wọ́n wí, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ sítọ́ọ̀ lé e lọ́wọ́. Ọdún yípo, kajú tún so. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí Ambrose kì í sin Sárà délé láti ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọn ò sì ní rìn bí ìgbín kí ọ̀nà má baà tán. Nígbà tó tọrọ rẹ̀, bàbá dá Sátidé kan fún mọ̀mí-n-mọ̀ọ́.

Ṣùgbọ́n gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ó ku ọjọ́ méjìlá kí Sátidé náà pé. Ọkọ̀ akẹ́rù ń bọ̀ láti Èkó ní Ọjọ́bọ̀, ọgbọ̀n àpò kajú èṣí tí kòkòrò ti jẹ sì wà ní igun sítọ́ọ̀.

"Ẹ fi ti èṣí sí àárín," ni bàbá wí fún Ambrose àti àwọn alágbàṣe. "Ẹ fi tọdún yìí tẹ́ ìdí àpò, kí ẹ tún fi bo ẹnu rẹ̀."

Ambrose dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, ẹ má bínú. Mi ò lè ṣe é."

"Ta ni kì í ṣe é nínú òwò yìí?"

"Mo gbọ́, sà. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ rà á gbà wá gbọ́ ni."

"Ìwọ ọmọ àná yìí! Ṣé èmi tí mo ti ń gbàdúrà kí wọ́n tó bí ọ lo fẹ́ kọ́ ní ìgbàgbọ́? Ó dáa. Bí o ò bá dì í, má kó ẹbí kankan wọ ilé mi. Mi ò lọ́mọ tí màá fún ọ."

Ambrose rọra gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. Sárà sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Sárà mi, ṣé wọ́n máa ń ṣe é tẹ́lẹ̀?"

Irọ́ wà nílẹ̀ tí kò ní ná Sárà ní nǹkan kan. Kò pa á. "Wọ́n máa ń ṣe é. Èmi ni mo máa ń rán ẹnu àpò. Orin ìjọ ni mo sì máa ń kọ bí mo ṣe ń rán an."

Ambrose yíjú sí ọ̀kadà rẹ̀. "O ṣeun tí o sọ òótọ́ fún mi. Mi ò bínú sí ọ, olólùfẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi èrú fẹ́ ọ." Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó lọ. Sárà sunkún débi pé kò lè jẹun. Nítorí àpò kan ṣoṣo ni ọkùnrin yìí ṣe fi ọjọ́ mẹ́ta jóná nínú oòrùn, òun tó ti rán àìmọye sì ń sùn dáadáa.

Ní Ọjọ́rú, àwọn alágbàṣe dì í bí bàbá ṣe wí, ó di ogójì àpò. Bàbá na abẹ́rẹ́ sí Sárà, Sárà sì kúnlẹ̀.

"Bàbá mi, ẹ foríjì mí. Mi ò ní rán an mọ́."

"Nítorí ọkùnrin?"

"Ara rẹ̀ ni mo ti rí i, bàbá. Ṣùgbọ́n bí kò bá tiẹ̀ padà wá mọ́ láéláé, mi ò ní rán an."

"Fi sílẹ̀! Mo lọ́wọ́." Bàbá jókòó sórí àpò, wọ́n fi itọ́ pa òwú lẹ́nu, wọ́n nà án sí ojú abẹ́rẹ́. Ó tàsé. Wọ́n tún nà án, ó tún tàsé. Ó ti tó ọdún méjì tí ojú wọn ti di bàìbàì, Sárà ló ń ka Bíbélì sí wọn létí láràárọ̀. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Sárà, wá bá mi fi òwú sí i."

Èyí ló dùn ún jù. Láti kékeré, bàbá kì í rán an níṣẹ́ kó kọ̀. "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rán mi ní èyí." Kò dìde lórí ìkúnlẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀.

Àwọn alágbàṣe wolẹ̀. Bàbá wo abẹ́rẹ́, wọ́n wo ọmọ wọn. "Ohun tí mo fi ń kọ́ ọmọ ìjọ lo wá fi ń dá mi lóhùn yìí," ni wọ́n wí, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí ọkọ̀ dé lọ́jọ́ kejì, bàbá fúnra wọn ló jáde sí awakọ̀. "Kó àwọn tó wà lọ́hùn-ún. Má fọwọ́ kan ogójì yìí, ti èṣí wà nínú wọn." Awakọ̀ pòṣé, ó sì gbé ọkọ̀ tí kò kún lọ. Bàbá yíjú sí Sárà. "Pe ọmọ yẹn wá."

"Ọmọ wo, bàbá?"

"Èwo tún ni ọmọ wo? Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tú àpò!"

Kí ọ̀sán tó pọ́n, Ambrose ti dé. Wọ́n da ogójì àpò sílẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó, wọ́n ń ṣà á. Bàbá náà ń fi ìka tẹ kóró kọ̀ọ̀kan wò, nítorí ojú wọn.

"Ambrose, mo ṣẹ̀ ọ́."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, sà."

"Jẹ́ kí n sọ ọ́. Àwọn tí mo ti tà fún látẹ̀yìnwá ńkọ́?"

"A ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bàbá. Màá jókòó tì yín."

Lọ́jọ́ kẹta, kajú tó dára padà sínú àpò, kò ju mẹ́sàn-án lọ. Bàbá mú abẹ́rẹ́, wọ́n nà án sí Sárà. Sárà gbà á, ó fi òwú sí i lẹ́ẹ̀kan, ó dá a padà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rán ẹnu àpò, òwú wọ́ síhìn-ín, ó wọ́ sọ́hùn-ún.

"Sátidé tí a dá ò yẹ̀," ni wọ́n wí láìgbójú sókè. "Sọ fún ìyá rẹ kí wọ́n máa bọ̀."

Ambrose dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì náà, kò sì tètè dìde. Nígbà tó dìde, ó sún mọ́ Sárà, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ṣé ọwọ́ rẹ ti wá mọ iyọ̀ báyìí?"

"Ẹ wá tọ́ ọ wò ní Sátidé." Ẹ̀rín pa á, omijé sì tún ń bọ́.

"Ẹ̀yin méjèèjì," ni bàbá wí, "ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ kí n ríran rán àpò mi."