Àwo Kọkànlá Ọdún Náà

Obìnrin náà dúró níwájú káńtà ilé ìtajà àwo orin, omi òjò ń ro láti etí kóòtù rẹ̀ sórí pákó ilẹ̀, ó sì kó ẹ̀dà mẹ́rin àwo kan ṣoṣo mọ́ àyà bí ẹni tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

Ọkùnrin tó wọlé tẹ̀ lé e rí àwòrán ara páálí àwo náà, ó sì dúró gbọn-in. Lọ́dún yẹn, àwo mọ́kànlá ni wọ́n gbà sílẹ̀ láti inú àwọn eré olórin orí ìtàgé. Ó ti ní mẹ́wàá. Ìkọkànlá ni obìnrin yìí kó mọ́ àyà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ̀dà kan péré ni mo ń wá."

"Kò ṣẹ́ kù."

"Mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ yín."

"Mo mọ iye rẹ̀. Èmi ni mo rà á."

"Kí lẹ fẹ́ fi mẹ́rin ṣe? Ẹ ò sáà ní etí mẹ́rin."

Ó yẹ kí obìnrin náà bínú. Ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rín gbígbẹ tó parí sí ikọ́. Ohùn rẹ̀ ha.

Òjò kò jẹ́ kí wọ́n lè jáde. Wọ́n jókòó sórí àpótí méjì lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ọkùnrin náà sọ iṣẹ́ rẹ̀ fún un: ilé ìtẹ̀wé ló wà, òun ló ń ka ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, tó ń wá àṣìṣe inú rẹ̀. Nílé, ó to àwo rẹ̀ sórí pẹpẹ lọ́dọọdún. Kì í ra ẹ̀dà méjì. Kì í tọ́jú èyí tí kò gbọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń gbọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà yóò kọ ìròyìn ọdún náà ránṣẹ́ sí ìwé kékeré tí àwọn olùkójọ bíi tirẹ̀ ń kà.

"Báwo lọdún yìí ṣe rí?" ni obìnrin náà bi í.

"Kò burú. Èyí tó dá lórí àwọn tó ń kọ́ afárá, ẹgbẹ́ agberin ibẹ̀ lágbára ju ìtàn rẹ̀ lọ. Ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n jọ ń wọ kóòtù kan, mo gbọ́ ọ nígbà mẹ́rin. Ti ilé ìwòsàn gùn láìnídìí. Orin márùn-ún ni wọn ì bá gé dànù."

"Ẹ le o. Ọ̀gá Àṣìṣe."

Orúkọ náà mọ́ ọn lára láti ọjọ́ náà.

Mọ́ńdè ni gbọ̀ngàn eré tí obìnrin náà ti ń ṣiṣẹ́ máa ń wà ní títì, nítorí náà Mọ́ńdè ni wọ́n ń pàdé. Wọ́n á rìn ní ẹ̀bá odò tí kò ní àwọ̀ kankan, wọ́n á sì bá ara wọn jiyàn lórí orin. "Ẹ" di "o". Lọ́jọ́ Mọ́ńdè karùn-ún, obìnrin náà sọ ìdí tó fi ń ra àwo náà.

Òun ni ohùn obìnrin kejì nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí kò sí eré ni wọ́n máa ń gba àwo sílẹ̀, láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí àwọn akọrin ti ṣeré ní ìgbà mẹ́jọ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ yẹn ohùn rẹ̀ já lójijì, wọ́n sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nítorí àyè kò sí mọ́. Nígbà tí wọ́n tún àwo náà tẹ̀, wọ́n ti fi ohùn ẹlòmíràn rọ́pò tirẹ̀. Dókítà rí kókó lọ́nà ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n gbé e kúrò lórí ìtàgé lọ sí yàrá ìránṣọ, ó sì ń dúró de iṣẹ́ abẹ.

"N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ibi tí àìsàn ti wọlé," ni ó wí.

Síbẹ̀ ó fún un ní ẹ̀dà kan. "Ìwọ nìkan. Ṣèlérí pé ẹlòmíràn ò ní gbọ́ ọ."

Ó ṣèlérí.

Iṣẹ́ abẹ gan-an kọ́ ló ń ba obìnrin náà lẹ́rù. Ó ń bẹ̀rù pé ọkùnrin yìí, tí gbogbo ayé rẹ̀ jẹ́ etí, kò ní rí nǹkan kan bá òun ṣe mọ́ tí ohùn bá lọ. Kò sọ ọ́. Ó mú un lọ kí bàbá rẹ̀ dípò bẹ́ẹ̀.

Káfíńtà ìtàgé ni bàbá náà, aya rẹ̀ ti kú, ọmọ yìí nìkan ló ní.

"Mo gbọ́ pé àwo lò ń kó jọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé wọ́n máa ń fèsì?"

"Rárá, sà."

"Ọmọ tèmi máa ń fèsì. Kó o tètè mọ̀."

Ní ìparí ọdún, ọkùnrin náà jókòó kọ ìròyìn rẹ̀. Nígbà tó kan àwo kọkànlá, ó kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń kọ gbogbo wọn: "Orin keje, ẹsẹ kejì: ohùn obìnrin kejì já. Ibẹ̀ la fi ń mọ ẹ̀dà àkọ́kọ́." Ó ka á lẹ́ẹ̀mejì, kò rí àṣìṣe, ó sì fi ránṣẹ́. Kò wá sí i lọ́kàn rárá pé òun da ìlérí. Àwo náà wà nínú àpótí, kọ́kọ́rọ́ wà lápò rẹ̀.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí olùkójọ mẹ́ta fi dé ẹnu ọ̀nà káfíńtà, àwo lọ́wọ́, wọ́n fẹ́ kí obìnrin náà buwọ́ lù ú. Ẹni àkọ́kọ́ kí bàbá náà tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ẹ kúulé, sà. Ṣé ibí ni obìnrin tí ohùn rẹ̀ já ń gbé?"

Obìnrin náà gbọ́ ọ láti yàrá.

"O ṣèlérí fún mi," ni ó wí nígbà tí ọkùnrin náà dé.

"Ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ọ. Mo tì í pa."

"O kọ ọ́."

"Òótọ́ ni mo kọ."

"Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣé irọ́ ni mo ní kó o pa? Mo ní kó o bá mi bò ó." Ó fi ọwọ́ bo ọ̀fun. "Má wá ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Má wá mọ́."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àṣìṣe méjì ló kọjá lábẹ́ ojú ọkùnrin náà nílé ìtẹ̀wé. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Nígbà tí Mọ́ńdè dé, ó gba ibi iṣẹ́ bàbá náà lọ.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá tọrọ àforíjì, sà."

"Èmi kọ́ lo ṣẹ̀."

"Wọn ò fẹ́ rí mi, sà."

"Èmi náà ò fẹ́ rí ẹ." Ṣùgbọ́n ó na bébà tí wọ́n fi ń dán pákó sí i. Àtẹ̀gùn eré tó ń bọ̀ wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dán an. Mọ́ńdè mẹ́ta ló fi dán àtẹ̀gùn náà.

Ní Mọ́ńdè kẹta, bàbá fi àtàǹpàkò ra ara pákó. "Ọwọ́ ẹ ò yá. Ṣùgbọ́n o ò fo ibì kan." Ó gbọn eruku pákó kúrò lọ́wọ́. "Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n á ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Wọ́n ní orin ti tán, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ náà ò sì ní ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Tó o bá fẹ́ sá, àsìkò nìyí."

Ọkùnrin náà ń dán pákó lọ.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí bí wọ́n ṣe sọ. Fún ọjọ́ mẹ́rìndínlógún, bíró àti bébà ni obìnrin náà fi ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀, bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ fún: kí ó pe ọkùnrin náà wá.

Ọkùnrin náà bá a lẹ́bàá fèrèsé, aṣọ wé mọ́ ọrùn rẹ̀, òjò ń rọ̀ lóde. Ètè obìnrin náà mì. Ọkùnrin náà kò gbọ́ nǹkan kan. Ojú tì í. Ó wá jẹ́wọ́ ohun tí kò sọ fún olùkójọ kankan rí: ogún ọdún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ba etí òsì rẹ̀ jẹ́. Ó gbé àga rẹ̀ sún mọ́ ọn, ó fi etí ọ̀tún sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

"Etí kan ṣoṣo lo fi ń dájọ́ fún gbogbo wa láti ọjọ́ yìí?"

"Èyí tó dáa ni."

"Nínú mọ́kànlá, ipò wo ni mo wà?"

"Ìkẹrin."

"Torí ohùn tó já?"

"Rárá. Orin náà ló gùn jù. Ibi tí ohùn já ló dùn jù nínú ẹ̀."

Èjìká obìnrin náà ń mì. Ó pẹ́ kí ọkùnrin náà tó mọ̀ pé ẹ̀rín ni, ẹ̀rín tí kò ní ìró. "Gbogbo àwọn tó wá kí mi ló ní èmi ni àkọ́kọ́. Ńṣe ló dà bíi pé wọ́n ti ń sin mí."

"Ohun tí mo ṣe ò dáa," ni ọkùnrin náà wí. "Mo rò pé tí nǹkan bá ti jẹ́ òótọ́, kò lè dun ẹnikẹ́ni. Mi ò ní sọ ọ̀rọ̀ rẹ níta mọ́, òótọ́ ni o, irọ́ ni o, àfi tó o bá ní kí n sọ ọ́."

"Kò sóhùn mọ́. Kí lo fẹ́ máa wá gbọ́?"

"Ohun tó o bá ń sọ."

Bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà tipẹ́. Ó wo bí orí wọn ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn. "Ẹni tó bá máa sọ̀rọ̀ báyìí," ni ó wí, "kò lè máa gbé ilé méjì."

Ojú obìnrin náà ni ọkùnrin náà wò, ó bi í léèrè ohun tó kù láti béèrè, ó sì tún fi etí ọ̀tún sí i. Obìnrin náà sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

"Kí ló wí?" ni bàbá béèrè.

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ní oṣù tó ń bọ̀."

Bàbá náà wo òde, níbi tí òjò kò ti fẹ́ dá, ó sì fa imú rẹ̀.

"Oṣù tó ń bọ̀ ti yá jù," ni ó wí. "Bẹ́ẹ̀dì tó dáa, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń kàn án."