Ikùn Rọ́bà Kò Gbọdọ̀ Kanlẹ̀

Ọmọkùnrin kan wà tí gbogbo ilé ń pè ní Rọ́bà.

Tó bá jókòó, á tẹ̀ síwájú. Tó bá dúró, á tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá ń jẹun, orí rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sínú abọ́.

Rọ́bà ò bínú sí orúkọ náà. Ó mọ eré sá, ó mọ ẹ̀rín rín, ó sì ní ọ̀rẹ́ kan tó fẹ́ràn gan-an. Gògòrò ni wọ́n ń pe ọ̀rẹ́ náà, torí ó ga.

Lọ́jọ́ Ajé kan, tíṣà sọ pé eré bárò ń bọ̀ nílé ìwé. Ọmọ kan á di bárò, á máa fi ọwọ́ rìn nílẹ̀. Ọmọ kejì á di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú lẹ́yìn, á máa tì í lọ.

"Bárò tí ikùn rẹ̀ bá kanlẹ̀, ó ti jáde nìyẹn," ni tíṣà wí.

Rọ́bà di bárò. Gògòrò di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀. Ìbàdí Rọ́bà rọ̀ wálẹ̀. Pàà! Ikùn kanlẹ̀.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Tẹ̀, tẹ̀. Pàà! Iyanrìn kún ẹnu Rọ́bà.

Ọmọ kan wà ní kíláàsì wọn tí wọ́n ń pè ní Sìmẹ́ńtì, torí ara rẹ̀ le. Sìmẹ́ńtì wá bá Gògòrò. Ó ní kó jẹ́ káwọn méjèèjì jọ ṣe é, torí òun kì í ṣubú.

Gògòrò wo Sìmẹ́ńtì. Ó wo Rọ́bà. Kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé rárá.

Èyí dun Rọ́bà ju iyanrìn tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ.

Nígbà tó délé, ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé ọwọ́ òun ò lágbára. Ilé ìwòsàn ni ìyá rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn ló máa ń kọ́ bí wọ́n á ṣe dìde, bí wọ́n á ṣe jókòó, bí wọ́n á ṣe tún nàró.

Ó ní kí Rọ́bà di bárò kí òun rí i. Ó wò ó lápá ọ̀tún, ó wò ó lápá òsì.

"Ọwọ́ rẹ ò ṣe nǹkan kan," ló wí. "Àárín ló rọ̀. Tí àárín bẹ́ǹṣì bá rọ̀, ṣé ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì lo máa bá wí?"

Rọ́bà mi orí.

"Ó dáa. A máa fún ikùn rẹ níṣẹ́ ṣe. Díẹ̀ láàárọ̀, díẹ̀ lálẹ́. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Rọ́bà rẹ́rìn-ín títí. Imú ẹlẹ́dẹ̀ ló pa á lẹ́rìn-ín.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ tẹ́ ẹní sí pálọ̀. Rọ́bà dojú bolẹ̀. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì tilẹ̀, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tilẹ̀, ó sì gbé ikùn sókè. Ara rẹ̀ gún gbọọrọ bíi pákó.

Ìyá rẹ̀ ní kó máa mí dáadáa. Kó má sọ̀ kalẹ̀ títí òun á fi de bọ́tìnnì aṣọ iṣẹ́ òun tán. Ló bá wọ yàrá lọ.

Ìyá Àgbà, ìyá bàbá Rọ́bà, jókòó lórí àga rẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé. Ojú rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́. Ó kàn rí ọmọ tó dojú bolẹ̀ níwájú òun.

Kí lọmọ ń wá nílẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù, bí kò ṣe pé ó ń kí àgbà?

"O ṣeun, ọkọ mi," ni Ìyá Àgbà wí. "Wàá dàgbà. Wàá gbó. Wàá tọ́."

Ìyá Rọ́bà jáde. Ó ti de bọ́tìnnì tán dé ọrùn. Ṣùgbọ́n àdúrà ò tíì tán.

Ta ní ń dìde nígbà tí àgbà ń gbàdúrà fún un? Rọ́bà kì í ṣe irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

"O ò ní fẹsẹ̀ kọ," ni Ìyá Àgbà wí. "Ohun rere lọwọ́ rẹ á máa tó."

Ikùn Rọ́bà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Gbọ̀n, gbọ̀n, gbọ̀n.

"À-à-à-mín," ni Rọ́bà wí. Pàà!

Ìyá Àgbà bèèrè pé ṣé ó ti rẹ ọkọ òun ni. Òun ò tíì dé orí àdúrà bàbá rẹ̀.

Nígbà tílẹ̀ ṣú, Rọ́bà fẹ̀yìn lélẹ̀, ó ká orúnkún, ó gbé ìbàdí sókè bí afárá. Ìyá Àgbà pariwo pé kí wọ́n wá o, inú ń run ọmọ. Ìyá Rọ́bà ní, "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀, kò sóhun tó ṣe é." Rọ́bà rẹ́rìn-ín, afárá sì wó.

Kó tó sùn, ó bèèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ bóyá kóun sọ fún Ìyá Àgbà pé òun ò kí i. Ìyá rẹ̀ ní ọwọ́ rẹ̀ ló wà.

Rọ́bà ronú. Bọ́tìnnì kì í pẹ́ tán. Àdúrà Ìyá Àgbà ń pẹ́. Ikùn tó le ni Rọ́bà sì ń wá. Ó bá pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dojú bolẹ̀. Ó dúró títí Ìyá Àgbà fi dé orí àdúrà bàbá rẹ̀. Gbọ̀n, gbọ̀n. "À-à-mín." Pàà!

Láàárọ̀ ọjọ́ mìíràn, ó dúró dé orí àdúrà ìyá rẹ̀. Gbọ̀n. "À-mín." Pàà!

Inú Ìyá Àgbà ń dùn. Irú ọmọ wo ló ń kí àgbà pẹ́ tó báyìí? Ó fi kún àdúrà. Ó gbàdúrà fún bàtà Rọ́bà. Ó gbàdúrà fún báàgì rẹ̀. Ó ní pẹ́ńsù rẹ̀ ò ní sọnù.

Títí di ọjọ́ kan. Rọ́bà dojú bolẹ̀. Orí, ọwọ́, ẹsẹ̀, bàbá, ìyá, bàtà, báàgì, pẹ́ńsù. Ikùn ò gbọ̀n.

"Àmín," ni Rọ́bà wí, ketekete.

Ìyá Àgbà wá àdúrà tó kù, kò rí. Ó ní kó dìde, ẹnu òun ti gbẹ.

Nílé ìwé lọ́jọ́ náà, Rọ́bà lọ bá Gògòrò. "Di ẹsẹ̀ mi mú," ló wí.

Tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀. Wọ́n dé ìdí ògiri. Kò sí pàà.

Gògòrò yíjú sí Sìmẹ́ńtì. "Mo ti ní bárò tèmi," ló wí. Ọkàn Rọ́bà balẹ̀ pẹ̀sẹ̀.

Ọjọ́ eré pé. Tíṣà fọn fèrè. Fíííì!

Tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀. Bárò kan ṣubú. Pàà! Bárò mìíràn ṣubú. Pàà!

Sìmẹ́ńtì náà di bárò, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tì í ń sáré jù. Ọwọ́ Sìmẹ́ńtì ò bá a mọ́. Pàà!

Rọ́bà ò wo ẹnikẹ́ni. Ó gbé ikùn sókè, ó ń mí dáadáa. Tẹ̀, tẹ̀, tẹ̀, títí ó fi kọjá okùn tí tíṣà ta sí òpin eré.

Àwọn kan ti ṣáájú wọn dé. Gògòrò ò tiẹ̀ rí wọn. Ó dì mọ́ Rọ́bà, ó ní kí ló lò tí ikùn rẹ̀ fi le báyìí.

Rọ́bà la ẹnu láti sọ ọ́. Ni ó bá rántí Ìyá Àgbà. Ojú tì í díẹ̀.

Bó ṣe délé, ó lọ síwájú àga ẹ̀bá fèrèsé.

"Ìyá Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Kì í ṣe pé mò ń kí yín láràárọ̀. Ikùn mi ni mò ń fún níṣẹ́ ṣe, kí n má bàa ṣubú nínú eré bárò."

Ìyá Àgbà tẹ̀ síwájú lórí àga rẹ̀.

"Àṣé láti ọjọ́ yìí, o ò tíì kí mi?"

Rọ́bà dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ikùn kanlẹ̀, àyà kanlẹ̀, imú pàápàá kanlẹ̀. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà."

Ó ń retí àdúrà gígùn.

"Dìde," ni Ìyá Àgbà wí.

Rọ́bà gbé orí sókè. "Ó ti tán?"

"Ṣé o ṣubú lónìí?"

"Rárá, Ìyá Àgbà. N ò ṣubú."

"Àdúrà mi ti gbà nìyẹn."

Ìyá Àgbà fà á mọ́ra, ó fọwọ́ tẹ ikùn rẹ̀ wò, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní tó bá di àárọ̀ ọ̀la, kó mú Gògòrò wá sórí ẹní, torí òun ò tíì gbàdúrà kankan fún ìyẹn.

Rọ́bà sáré jáde lọ pè é.