Ta Ló Ń Ba Bàtà Kolby Jẹ́?

"Ọ̀lẹ! Aláìmoore! O jẹ pẹrógì mi yó, o wá lọ ń ṣubú lórí yìnyín bí ọ̀mùtí! Gólù mẹ́fà lo jẹ́ kó wọlé! Ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́!"

Darlene ló ń jágbe bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ, nílùú kékeré kan ní Saskatchewan, ní Kánádà. Kolby tó ń bú, ọmọ ọdún méjìdínlógún, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Ikọ̀ họ́kì orí yìnyín ló fi í wọ̀ sílé rẹ̀, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ọmọ tó bá ti ọ̀nà jíjìn wá. Kolby ni aṣọ́lé ikọ̀ náà, tó ń mú gólù. Rhett, ọmọ bíbí inú Darlene, ni aṣọ́lé kejì, tó ti sọ bẹ́ńṣì dilé láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Ẹ ò rí ohun tó ń jẹ obìnrin náà lọ́kàn!

"Ẹ má bínú, mà. Bàtà mi ni ò di yìnyín mú mọ́. Bí mo bá pọ́n abẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀ lónìí, tó bá dọ̀la, ó ti kújú."

"Ṣé èmi ni mò ń jẹ abẹ ni? Máa lọ sílé yín!"

Ilé wo? Ọjọ́ tí wọ́n ń pààrọ̀ ikọ̀ ti kọjá láti oṣù kìíní. Bí kóòṣì bá lé e, kò sẹ́ni tó lè gbà á mọ́, bẹ́ẹ̀ àwọn yunifásítì tó ń ṣa eléré ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Òtútù ìta sì ń gé etí. Ọmọ ọlọ́mọ fọ abọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá rẹ̀ lábẹ́ ilé. Ìkà obìnrin!

Ní Sátidé, Rhett wọ garéèjì láti gbé ẹrù wọn sọ́kọ̀. Ìyá rẹ̀ ló bá lórí ìkúnlẹ̀, tó ń ha abẹ bàtà Kolby mọ́ símẹ́ńtì! Nílùú yẹn, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn mọ̀ pé abẹ bàtà yìnyín ò gbọdọ̀ kan símẹ́ńtì, torí á kújú.

"Mọ́mì! Ẹ̀yin ni?"

"Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún! Torí ta ni mo ṣe ń ṣe é? Ìwọ làwọn yunifásítì máa rí lónìí!"

"Mi ò bẹ̀ yín!"

"Lọ sọ, ká wo ẹni tó máa gbà ẹ́ gbọ́!"

Rhett gba bàtà náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìyá ilé, àwọn tó ń gba eléré sílé. Kí eré tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á pè wọ́n sórí yìnyín, eléré tó ń gbé lọ́dọ̀ kálukú á fún un ní òdòdó, gbogbo ìlú á pàtẹ́wọ́. Darlene jáde, ó ń fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín.

"Èmi ni mò ń bọ́ Kolby o!"

Kolby kọ́ ló wá. Rhett ni, ìbọ̀sẹ̀ nìkan ló wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lórí yìnyín. Ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Bàtà mi ni Kolby máa fi ṣọ́lé lónìí. Tiẹ̀, ìyá mi ló ń hà á mọ́ símẹ́ńtì. Èmi ni mo bá a níbẹ̀."