Ìbàdí Tí Wọ́n Ní Àjẹ́ Dè Mọ́lẹ̀

Bàbá jẹun tán, ó dá àpárá díẹ̀, ó wọlé lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti kú. Kò sí ibà, kò sí ikọ́, ẹnikẹ́ni ò gbọ́ kó kérora. Láti ọjọ́ náà ni gbogbo ilé ti ń fi ojú burúkú wo ìyàwó rẹ̀.

Obìnrin yìí kọ́ ló bí Káfíńtà, àkọ́bí olóògbé. Ìyá Káfíńtà kú nígbà tí ọmọ ṣì ń rákò, obìnrin yìí ló pọ̀n ọ́n dàgbà. Màmá ni Káfíńtà ń pè é. Kò mọ ìyá mìíràn.

Ọ̀fọ̀ Bàbá ò tíì tán lára wọn tí ìbàdí Káfíńtà fi daṣẹ́ sílẹ̀. Òun àti Sọ̀rọ̀sókè, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ń gbé kọ́bọ́ọ̀dù kan sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé oníbàárà. Káfíńtà wà nísàlẹ̀, ó ń fẹ̀yìn rìn. Lójijì ni gbogbo ẹrù náà dà lé e lórí, ìbàdí rẹ̀ lọ́, ó sì dà bíi pé nǹkan já níbẹ̀. Wọ́n gbé e délé bí ìtì igi. Kò lè jókòó, kò lè yíra padà. Ìrora náà ń gba ìdí sọ̀kalẹ̀ sí itan bí iná.

"Ojú mi ló ṣe," ni Sọ̀rọ̀sókè ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí i. "Bíi pé ọwọ́ kan tì í. Ọwọ́ yẹn kì í ṣe ti ènìyàn."

Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, òwìwí kan á bà sórí òrùlé wọn. Ìyàwó Káfíńtà, tó ti ń wá oyún tipẹ́, á gbá àyà mú.

"Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀? Ó ti pa Bàbá, ó ti dí mi nínú, ìbàdí yín ló kù. Lánàá ni mo bá Màmá yín lẹ́yìnkùlé pẹ̀lú obìnrin méjì, wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́. Bí mo ṣe yọ, wọ́n panu mọ́."

Káfíńtà kọ́kọ́ ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrora kì í jẹ́ kéèyàn ronú. Ó ní kí wọ́n pe Màmá wá.

"Màmá, kí ni mo fi ṣe yín?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ẹ tú mi sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin náà wò ó títí. Ó wo ìyàwó, ó wo Sọ̀rọ̀sókè tó fara ti ògiri. "Ìwọ tí mo pọ̀n, ìwọ lo ń pè mí ní àjẹ́?"

"Ẹ kúrò nílé yìí, kí ara lè tù mí."

Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ gba yàrá kan ní òpópónà kejì. Ẹnikẹ́ni ò bá a gbé e.

Ìbàdí ò sàn. Òwìwí ò kúrò lórí òrùlé.

Ìgbà tó yá ni àwọn obìnrin méjì ọjọ́sí wọlé. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni ọ̀kan. Èkejì ń tọ́jú iṣan àti eegun ní ilé ìwòsàn.

"Ìyá yín ló bẹ̀ wá lẹ́yìnkùlé yín níjọ́sí," ni nọ́ọ̀sì wí. "Àyè ni a ò tètè rí. Bàbá yín pàápàá, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Èmi ni mò ń wọ̀n ọ́n fún un. Ó ní kí n má sọ fún ará ilé."

Èkejì tẹ ìbàdí Káfíńtà, ó gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè, ó ní kó ròyìn bó ṣe ṣẹlẹ̀.

"Iṣan tó so eegun ẹ̀yìn mọ́ eegun ìbàdí ló fà. Ẹrù dé lójijì, ara sì lọ́. Ìdùbúlẹ̀ yìí gan-an ló ń dá yín dúró, torí iṣan tí kò bá rìn á gan. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀. Ẹ má gbé ẹrù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ lójijì. Á sàn." Ó gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. "Ta ló di apá òkè ẹrù náà mú?"

Gbogbo ojú yí sí Sọ̀rọ̀sókè, tó wá kí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń wò.

"Fóònù mi ló dún," ló wí nígbẹ̀yìn. "Mo yọ ọwọ́ kan láti mú un, èkejì yọ̀. Ẹ̀rù bà mí pé wàá lé mi ní ṣọ́ọ̀bù."

"O wá jẹ́ kí n lé ìyá mi."

Nígbà tí Káfíńtà lè di ògiri mú dé òpópónà kejì, ó kan ilẹ̀kùn Màmá. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ẹ̀yìn kọ̀ fún un. Màmá yára gbá a lápá mú.

"Má dọ̀bálẹ̀. Wàá tún dá ìrora náà sílẹ̀."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Omi ti gba ojú rẹ̀.

"Mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n oorun ò ní kùn mí mọ́ nílé tí ẹnu rẹ ti pè mí ní àjẹ́."

Ó di ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ mú, ó sìn ín dé ìkòríta jẹ́jẹ́, bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìrìn. Níbẹ̀ ló ti jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì yí padà sí yàrá rẹ̀.