Kókó Pupa Lára Ọ̀já Ẹsẹ̀

Ọkùnrin náà ń rìn lórí omi. Bí ọmọbìnrin aránṣọ ṣe kọ́kọ́ rí i láti orí afárá nìyẹn, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn ti ń rọ̀, tí ojú ọ̀sà sì ń dán bí idẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ó dúró ṣánṣán. Kò sí ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò sí àpáta, ó sì ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń gba ẹ̀yìnkùlé ara rẹ̀ kọjá. Ọmọbìnrin náà gbé àpò aṣọ oníbàárà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó nu ojú rẹ̀ méjèèjì. Ọkùnrin náà ṣì ń rìn.

Ẹlòmíràn ì bá sá. Àmọ́ kì í ṣe lásán ni àwọn oníbàárà ń pe ọmọbìnrin yìí ní Abẹ́rẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó mú, kò sì sí ibi tí kò lè wọ̀ bó bá ti fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá, ó gba orí iyanrìn lọ sétí omi, ó sì dúró de ẹni ìyanu náà.

Ìgbà tí ọkùnrin náà súnmọ́ tòsí ni Abẹ́rẹ́ tó rí pátákó gígùn, pẹlẹbẹ, tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, àti àjẹ̀ tó fi ń wà á. Ó dùn ún díẹ̀.

"Pátákó ni?" ó bi í, láìtilẹ̀ kí i.

"Kí lẹ rò pé ó jẹ́?"

"Mo rò pé ẹ̀ ń rìn lórí omi ni. Mo ti ń ronú ohun tí mo máa tọrọ lọ́wọ́ yín."

Ẹ̀rín pa ọkùnrin náà débi pé pátákó mì, ó sì ré sínú omi tòun ti fìlà. Kò pẹ́ tó yọrí jáde. Okùn kan wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀ tó so ó mọ́ pátákó, nítorí náà pátákó ò sá lọ síbì kankan.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí," ó ní, omi ń ro tótó lára rẹ̀. "Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ bì mí ṣubú, ẹ ò sì tilẹ̀ fọwọ́ kàn mí."

Alápátákó ni wọ́n ń pè é. Ó ń yá àwọn ènìyàn ní pátákó kí wọ́n lè dúró lórí rẹ̀ wọnú ọ̀sà lọ wo ẹyẹ àti ẹja. Ahéré onígi kan ló ní létí omi. Àwọn pátákó fara ti ògiri rẹ̀ níta, àwọn àjẹ̀ sì kọ́ sórí ìṣó nínú ilé, láti èyí tó gùn jù dé èyí tó kúrú jù.

"Ṣé ẹ mọ ibi tí àwọn lékeléke ń sùn?" Abẹ́rẹ́ bi í. "Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n máa ń kọjá lójú fèrèsé ṣọ́ọ̀bù wa. Láti kékeré ni mo ti ń bèèrè, kò sẹ́ni tó lè sọ fún mi."

"Mo mọ ibẹ̀. Àmọ́ kò ṣeé júwe. Àfi kéèyàn débẹ̀."

Ọmọbìnrin náà wo omi, ó wo afárá. Ọkàn rẹ̀ ní kó lọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbà. Ó kí i pé ó dàárọ̀, ó sì gbé àpò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí kò sọ fún Alápátákó lọ́jọ́ náà. Atukọ̀ ni bàbá rẹ̀. Nígbà tí Abẹ́rẹ́ wà lọ́mọdé, ọkọ̀ bàbá yìí padà wá sétí omi láìsí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò rí òkú sin. Ohun tó kù nílé kò ju kóòtù òjò bàbá náà lọ, tó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, tẹ́nikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Láti ìgbà náà ni ìyá náà ti yí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ kọjú sí ògiri kó má baà máa rí ọ̀sà láti ojú fèrèsé. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀ fún ọmọ rẹ̀: "Ohun tó bá wù ẹ́ ni kó o fi ayé rẹ ṣe, ṣáà ṣe é lórí ilẹ̀."

Abẹ́rẹ́ pa òfin náà mọ́ títí ó fi dàgbà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, nígbà tó tún ń gbé aṣọ kọjá lórí afárá, ó bá ara rẹ̀ lórí iyanrìn. Bẹ́ ẹ bá bi í, á ní ẹsẹ̀ òun ló gbé òun débẹ̀.

"Ẹ kúnlẹ̀ ná," Alápátákó wí, nígbà tó gbé pátákó sójú omi fún un.

"Fún ta ni?"

"Fún omi. Ọba tó bá wá síbí, á kúnlẹ̀ kó tó dìde."

Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ sórí pátákó. Ọkùnrin náà wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sí i lọ́rùn, ó sì bẹ̀rẹ̀, ó fi ọ̀já di okùn mọ́ ọn lọ́rùn ẹsẹ̀. Ó fà á wò, ó tún un fà. "Èmi fúnra mi ni mo máa ń dì í," ó ní. "Mi ò fi í rán ẹnikẹ́ni. Ẹ dìde wàyí. Ẹ má wo ẹsẹ̀ yín o. Ẹni tó bá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ níbí, inú omi ló ń lọ. Ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dé ni kẹ́ ẹ máa wò."

Ó wo ọ̀ọ́kán. Ó dìde. Ayé mì díẹ̀, ó sì dúró.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ bí inú ọ̀sà ṣe rí ní ìrọ̀lẹ́? Omi parọ́rọ́ débi pé ọ̀run wà lókè, ọ̀run wà nílẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń lọ láàárín. Wọ́n gba àárín àwọn igi tí gbòǹgbò wọn dúró sínú omi bí ẹsẹ̀ àgbà. Akàn pupa wẹ́wẹ́ ń sá gun gbòǹgbò, wọ́n ń yọjú wo àlejò. Ẹja kéékèèké tú ká lábẹ́ pátákó, wọ́n tún kó ara wọn jọ. Ìjàpá omi kan gbé orí sókè, ó mí lẹ́ẹ̀kan, ó sì rọra wọlẹ̀ bí ẹni tó rántí pé òun gbé nǹkan sórí iná. Kò sóhun tí ọ̀rọ̀ fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ sí erékùṣù kékeré kan tí igi rẹ̀ funfun báláú. Abẹ́rẹ́ rò pé òdòdó ni, títí òdòdó kan fi na ìyẹ́. Lékeléke ni gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń dé láti ọ̀run, wọ́n ń bà, wọ́n ń jà sí ẹ̀ka bí ọmọ tó ń jà sí ẹní. Omijé bọ́ lójú ọmọbìnrin náà, kò sì nù ún.

"Ibí ni wọ́n ń wá," ó ní.

"Ibí ni," Alápátákó dáhùn. Òun kò wo ẹyẹ. Ibi tó fẹ́ dé ló ń wò.

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan kò kọjá kí Abẹ́rẹ́ má sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá. Ẹ di o, yín di ẹ láàárín wọn. Ó sọ fún ìyá rẹ̀ pé oníbàárà tó wà lódìkejì afárá ló ń dá òun dúró. Irọ́ náà ń dùn ún, síbẹ̀ kò jáwọ́ nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ó rí ọ̀já ẹsẹ̀ Alápátákó fúnra rẹ̀. Ó ti já nígbà kan, wọ́n sì fi okùn ìpẹja rán an wúruwùru.

"Ta ló rán èyí?"

"Èmi ni."

"Ó hàn."

Abẹ́rẹ́ yọ abẹ́rẹ́ tó máa ń wà lọ́rùn aṣọ rẹ̀, ó jókòó sórí iyanrìn, ó tú u, ó sì tún un rán. Nígbà tó parí, ó fi òwú pupa ta kókó kékeré kan sí ìdí rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: àwọ̀ yòówù kí aṣọ ní, pupa ni kókó ìkẹyìn, kí aránṣọ lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ níbikíbi tó bá ti bá a pàdé. Kò sí aránṣọ mìíràn nílùú náà tó ń ṣe é. Kò tilẹ̀ ronú kó tó ta á.

Alápátákó wo kókó náà. "Mo fẹ́ wá rí Màmá," ó ní. "Mi ò fẹ́ máa jí ẹ wò. Ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà lokùn ń tọ̀, èmi náà fẹ́ tọ̀ ẹ́ délé."

Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà, ó sì sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún un. "Wá," ó ní níkẹyìn. "Ṣùgbọ́n má sọ iṣẹ́ rẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ràn rẹ ná."

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Lọ́jọ́ tí Alápátákó máa lọ, oníbàárà rẹ̀ kan pẹ́ nínú omi. Nígbà tí ẹni náà dé, Alápátákó sáré tú okùn kúrò lára pátákó, ó wé e mọ́ ojúgun, ó sì ní òun á bọ́ ọ bó bá yá. Ọ̀já náà ti mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lára ju bàtà lọ. Ó bọ́jú, ó da ṣòkòtò lílọ̀ lé e, ó fi òróró para, ó sì gba ìgboro lọ. Ojú títì kún fún èrò tó ń wò ó, ó rò pé aṣọ rẹ̀ ló yẹ ẹ́.

"Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o," ó kí i ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

Ìyá aránṣọ yí padà lórí àpótí rẹ̀, ó fẹ́ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọkùnrin tó mọ̀ ọ́n kí. Ojú rẹ̀ bá okùn dúdú kan tó nà láti abẹ́ ṣòkòtò àlejò títí dé ẹnu ọ̀nà, tó ti wọ́ ewé gbígbẹ àti ọ̀rá kan bọ̀ láti ìgboro. Ó tọ okùn náà bọ̀. Ó ká etí ṣòkòtò sókè bí aránṣọ ṣe ń ṣe. Ó rí ọ̀já, ó sì rí kókó pupa.

Máṣíìnì Abẹ́rẹ́ dákẹ́.

"Ìwọ lo rán èyí," ìyá rẹ̀ wí.

"Èmi ni, Màmá."

"Oníbàárà tó ń dá ẹ dúró ńkọ́?"

"Kò sí oníbàárà tó ń dá mi dúró."

Ìyá náà kò pariwo. Ì bá dára kó pariwo. "Dìde, ọmọ ọlọ́mọ," ó sọ fún Alápátákó. "Mi ò bá ẹ jà. Omi ti gba ọkùnrin kan lọ́wọ́ mi, ìkejì ò ní ti inú omi wọ ilé yìí. Bọ́ nǹkan yẹn sílẹ̀ kó o tó jáde."

Ó bọ́ ọ. Ó jáde. Abẹ́rẹ́ kúnlẹ̀ síwájú ìyá rẹ̀. "Mi ò ní lọ sórí omi mọ́ láìsọ fún yín," ó ní. "Mi ò sì ní fẹ́ ẹ láìjẹ́ pé ẹ súre fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n sọ pé mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti purọ́ tó."

Nígbà tí àwọn olólùfẹ́ méjì náà pàdé lórí afárá, Alápátákó ní òun á ta àwọn pátákó, òun á wá iṣẹ́ sórí ilẹ̀.

"Kí n wá fẹ́ ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀?" Abẹ́rẹ́ dá a lóhùn. "Rárá, olólùfẹ́ mi. Dúró síbi tó o wà. Èmi ni mo máa dúró ti Màmá." Ó sì lọ sílé. Wọn kò rí ara wọn mọ́ fún ìgbà pípẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ń wo àwọn lékeléke ní ìrọ̀lẹ́ láti ibi tó wà.

Ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá àti ọmọ ń ránṣọ, wọn kì í bá ara wọn jà, wọn kì í sì í kọrin. Ọ̀já ẹsẹ̀ náà wà lórí tábìlì láàárín wọn. Nígbà tí ìyá náà bá rò pé ọmọ ò wo òun, á mú un, á fà á wò, á tún un fà. Títí di ọjọ́ kan tí Abẹ́rẹ́ bi í pé kí ló ń wá lára rẹ̀.

"Bàbá rẹ ò ní irú rẹ̀," ìyá rẹ̀ wí. Lálẹ́ ọjọ́ náà, kóòtù òjò kò sí lẹ́yìn ilẹ̀kùn mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, Alápátákó ń nu pátákó lẹ́nu ọ̀nà ahéré rẹ̀ nígbà tó rí i tí àwọn obìnrin méjì ń bọ̀ lórí iyanrìn. Ó fẹ́ dọ̀bálẹ̀.

"Dúró," ìyá aránṣọ wí. Ó na ọ̀já ẹsẹ̀ sí i. "Ọmọ mi mọ̀ ọ́n rán, àmọ́ ọwọ́ ìfẹ́ ló fi rán èyí, ó yá jù. Mo ti tú u. Mo ti rán an ní ìlọ́po méjì." Ó wo omi. "Ọkọ mi máa ń sọ pé òun á mú mi lọ wo ibi tí àwọn lékeléke ń sùn. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń ní aṣọ tí mo fẹ́ parí. Mú mi lọ."

Alápátákó gbé pátákó tó fẹ̀ jù sójú omi. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, ojú ń tì í, "ẹ máa kúnlẹ̀ ná."

Ìyá náà kúnlẹ̀. Ọkùnrin náà di ọ̀já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó fà á wò, ó tún un fà, ìyá náà sì ń wo ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń wà á lọ, Abẹ́rẹ́ sì ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí pátákó tirẹ̀. Wọ́n gba àárín igi kọjá. Nígbà tí erékùṣù funfun yọ, ìyá aránṣọ sunkún, ó sunkún bí kò ṣe rí àyè sun ún láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti padà lófìfo. Wọn kò pẹ̀ ẹ́. Wọ́n jẹ́ kó sun ún tán.

Ó nu ojú rẹ̀. Ó fọwọ́ sáyà, ó yọ ọ̀já tuntun méjì jáde, aṣọ wọn nípọn, àwọ̀ wọn sì ti ṣá. Abẹ́rẹ́ dá aṣọ náà mọ̀ kíá. Kóòtù òjò bàbá rẹ̀ ni.

"Ẹ súnmọ́ mi." Ó di ọ̀kan mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, ó di ìkejì mọ́ ẹsẹ̀ Alápátákó. Kókó pupa wà lára àwọn méjèèjì. "Ẹ ò gbọ́dọ̀ wọ omi láìsí èyí. Kí kálukú máa di ti ẹnìkejì rẹ̀."

Alápátákó kúnlẹ̀ lórí pátákó. "Màmá, ṣé kí n gbà pé ẹ fún mi lọ́mọ yín?"

"Kí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dì mọ́ ẹ lẹ́sẹ̀?" ìyá náà wí. "Fà mí dìde, ọmọ mi. Mo fẹ́ rí wọn dáadáa."

Ó dìde. Kò wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí Abẹ́rẹ́ tó gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù tán, ìyá rẹ̀ ní kó wá bá òun gbé máṣíìnì òun, kí àwọn yí i kọjú sí fèrèsé. Ó ní iṣẹ́ pọ̀ lára aṣọ ìyàwó, òun sì nílò ìmọ́lẹ̀.