Orúkọ Àwáwù Nínú Kọ̀ǹpútà

Àwáwù bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà yàrá kọ̀ǹpútà bí ẹni tó fẹ́ wọ mọ́ṣáláṣí. Eruku ọ̀nà Ògbòòrò ti pọ́n dé orúnkún rẹ̀. Ràsáàkì akọ̀wé wò ó, ó gbàgbé ohun tó ń tẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́. Bàbá mi ní kí n wò ó bóyá orúkọ àwọn wà lára àwọn tó máa gba ajílẹ̀."

Ọdún 1987 ni, ẹ̀rọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé-iṣẹ́ àgbẹ̀ kan ní Ṣakí. Díìsì méjì tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan pamọ́ sí ni Festus, ọ̀gá wọn, fún Ràsáàkì: ọ̀kan fún ìdánrawò, ọ̀kan fún iṣẹ́ gan-an. Ó kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ pa wọ́n pọ̀. Ràsáàkì ki ti iṣẹ́ bọ inú ẹ̀rọ, orúkọ bàbá sì yọ.

"Ẹ̀rọ yìí mọ orúkọ gbogbo arẹwà pẹ̀lú," Ràsáàkì ní.

"Ẹ lọ purọ́ yẹn fún ẹlòmíì!" Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín.

Láti ìgbà náà, kò sí ọjọ́ ọjà tí Àwáwù kì í rí ìdí láti yà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan tó lọ tán, inú Ràsáàkì dùn, ó ní kóun dán an wò, ó tẹ̀ ẹ́: Àwáwù, ìyàwó Ràsáàkì, àpò ajílẹ̀ mẹ́wàá. Ta ló rán an níṣẹ́? Kò wo díìsì tó wà nínú ẹ̀rọ. Ti iṣẹ́ ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n pín ajílẹ̀, Festus ka orúkọ náà síta níwájú gbogbo àgbẹ̀, Àwáwù àti bàbá rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ẹ̀rín bú.

"Háà! Ajílẹ̀ ni wọ́n fi fẹ́ ẹ!" àgbẹ̀ kan kígbe.

Bàbá Àwáwù tẹrí ba, ó fi ajílẹ̀ tirẹ̀ sílẹ̀, ó ń lọ. Àwáwù fi ìborùn bojú, ó tẹ̀ lé e.

"Ẹ̀rọ ló ṣàṣìṣe," Festus ní.

Ràsáàkì ì bá dákẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ì bá sì wà. Ojú tì í, ṣùgbọ́n ó bọ́ síwájú. "Èmi ni mo kọ ọ́. Ọmọ náà ò mọ̀ rárá, kò sì gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi."

Festus gba kọ́kọ́rọ́ yàrá kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

Ràsáàkì gbé ajílẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ dé ilé wọn ní Ògbòòrò, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ikú yá ju ẹ̀sín," bàbá ní. "O fọmọ mi ṣẹ̀sín."

"Mo ṣe bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ forí jì mí."

Àwáwù jáde, ojú rẹ̀ pọ́n. "Ṣé èmi lẹ fi ń dánra wò ni?"

"Rárá. N ò láyà láti bi ọ́ ni mo ṣe kọ ọ́ síbẹ̀."

"Ẹ bi mí báyìí."

"Àwáwù, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Àwáwù wojú bàbá rẹ̀.

"Èmi kọ́ ló ń bi," bàbá ní, ó wọlé lọ.

Àwáwù nu ojú. "Mo gbà. Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ padà sí Ṣakí, kẹ́ ẹ sọ fún gbogbo wọn pé ìsinsìnyí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà."