Èyí Pupa, Èyí Aláwọ̀ Aró

Mùhámmẹ́d ti rìn yí ọkọ̀ méjèèjì ká títí tí ẹni tó ń tà wọ́n fi lọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Oòrùn ọ̀sán ń ta lórí òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́, ó sì ń tàn yanran lára àwọn ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ eré-ìje àtijọ́ ni wọ́n, irú èyí tí àwọn ọlọ́rọ̀ ń gùn kí wọ́n tó bí Mùhámmẹ́d. Ọ̀kan pupa, òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Èkejì dúdú bí aró, imú rẹ̀ gùn, ó sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ológbò tó fẹ́ fò mọ́ eku.

"Àbúrò, èwo lo mú?" Ọ̀gbẹ́ni Bámijókò tó ń ta ọkọ̀ bèèrè láti abẹ́ igi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ tún bá mi sítáàtì èyí pupa."

Bámijókò dìde, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ohùn ẹ́ńjìnì náà bú jáde, àwọn ọlọ́kadà tó ń kọjá sì ń wẹ̀yìn. Dámiláre, ọ̀rẹ́ Mùhámmẹ́d, tó ń fi fóònù ya fídíò, gbá a léjìká. "Ọ̀rẹ́, gbogbo ìlú Ìṣẹ́ ló máa dìde dúró fún ẹ."

Kì í ṣe ohun tí ìyá rẹ̀ rán an nìyẹn. Tàwàkálítù, ìyá rẹ̀, ní oko kòkó kan tó jìnnà sí ìlú Ìṣẹ́, èyí tí ọkọ rẹ̀ olóògbé fi sílẹ̀ fún un. Orí ló fi ń ru kòkó láti ọdún tí ọkọ náà ti kú. Nígbà tí kòkó wá gbówó lórí lójijì, ó pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

"Ìwọ lo mọ ọkọ̀ wà," ó ní. "Lọ ra píkọ́ọ̀pù tó lágbára, tó ní ìjókòó lẹ́yìn. Kó lè gbé kòkó wá sí ulé, kí àbúrò rẹ náà sì lè na ara nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá."

Sùmáyà ni àbúrò náà. Ọdún kan ló kù kó jáde ní girama. Àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ti ń bá a jà láti kékeré. Bí òtútù bá mú un, tí egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ilé ìwòsàn ni wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e lọ kíákíá.

Píkọ́ọ̀pù wà lọ́dọ̀ Bámijókò. Ẹ̀yìn ọgbà ló wà, eruku bò ó. Mùhámmẹ́d wò ó lẹ́ẹ̀kan, kò tún wo ibẹ̀ mọ́. Ó pe Sùmáyà lórí fóònù, ó sì fi ọkọ̀ méjèèjì hàn án.

"Pupa ni àbí aláwọ̀ aró?"

Sùmáyà rẹ́rìn-ín. "Aláwọ̀ aró dára jù. Ṣùgbọ́n bọ̀dá mi, ṣé ó ní ìjókòó ẹ̀yìn?"

"Ìjókòó rẹ̀ rọ̀ bíi tìmùtìmù."

"Mi ò bi yín bóyá ó rọ̀."

"Kòkó ọdún tó ń bọ̀ á ra píkọ́ọ̀pù," ni Mùhámmẹ́d fi dá a lóhùn. "Jẹ́ ká jẹ ayé díẹ̀ ná." Ó sì ra aláwọ̀ aró.

Nígbà tó wà á délé, ìyá rẹ̀ yọjú wò ó láti ẹnu ọ̀nà, ó wo ìjókòó méjì péré tó wà nínú rẹ̀. "Níbo ni kòkó yóò wà?" ó bèèrè. Mùhámmẹ́d ní òun á máa háyà ọlọ́kadà. Ìyá rẹ̀ wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ọkọ̀ náà dùn ún wà, kò sí irọ́ níbẹ̀. Ó wà á lọ sí Ìgbàrà-Odò, ó wà á lọ sí Èmùrè, àwọn ọmọ iléèwé ń sá tẹ̀ lé e. Ó gbé Sùmáyà lọ sójú títì lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì di ìbòrí rẹ̀ mú nítorí atẹ́gùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Mùhámmẹ́d rò pé ọ̀ràn ti tán.

Òjò dé. Nígbà ìsinmi iléèwé, Sùmáyà bá ìyá rẹ̀ lọ sí abà kí ó lè bá a se oúnjẹ fún àwọn tó ń fọ́ kòkó. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ńlá bá a lọ́nà odò. Kò pẹ́ tí egungun fi bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, àyà rẹ̀ sì ń dí. Ìyá rẹ̀ pe Mùhámmẹ́d. "Máa bọ̀," ni gbogbo ohun tó sọ.

Mùhámmẹ́d sáré wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà oko kì í ṣe ojú títì. Àgbàrá ti gbẹ́ ẹ láàrin, òkúta sì yọrí síta. Kò tíì rìn jìnnà tí abẹ́ ọkọ̀ fi gbá mọ́ òkúta kan. Ó gbọ́ ìró bí ìgbà tí wọ́n ń ya páànù. Ọ́ìlì ń ṣàn lọ pẹ̀lú omi òjò, ẹ́ńjìnì sì kú. Ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹsẹ̀ sáré.

Ó pàdé ìyá rẹ̀ lọ́nà, tó pọn Sùmáyà, ọmọ tó ti ga tó ìyá rẹ̀, ọ̀rá ni wọ́n fi bò ó. Mùhámmẹ́d gbà á pọ̀n títí wọ́n fi dé ibi tí ọkọ̀ dúró sí. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ kí òjò má baà pa á mọ́, kí Mùhámmẹ́d lè lọ wá ọ̀kadà. Wọ́n gbìyànjú láti tẹ́ ẹ sórí ìjókòó. Kò ṣeé ṣe. Orúnkún rẹ̀ kan àyà.

"Bọ̀dá," ó sọ jẹ́jẹ́, "mi ò ríbi na ẹsẹ̀ sí."

Ó pẹ́ kí Mùhámmẹ́d tó rí ọlọ́kadà tó gbà láti wọ inú òjò náà. Àárín ọlọ́kadà àti ìyá rẹ̀ ni Sùmáyà jókòó sí, orí rẹ̀ ń já sílẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, dókítà ṣe ohun tó lè ṣe. Lẹ́yìn náà ó jáde, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ní òtútù ti pọ̀ jù lára rẹ̀, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó gbé e dé. Wọn kò tíì pe ìrun Màgàríbà tí Sùmáyà fi kú. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n sin ín.

Láti Ìkẹ́rẹ́ dé Èmùrè, kò sí mẹkáníìkì tó rí ohun tí wọ́n fi lè tún ọkọ̀ náà ṣe. Mùhámmẹ́d kò bìkítà mọ́. Kò lè jẹun, kò lè sùn. Níkẹyìn, ó lọ bá ìyá rẹ̀ lóko níbi tó ti ń fọ́ kòkó, ó kúnlẹ̀.

"Màámi, ẹ bá mi wí."

"Kí ni ìbáwí fẹ́ ṣe?" Ìyá rẹ̀ kò gbójú sókè. "Mo rán ọ nítorí pé mo fọkàn tán ọ. Ìwọ nìkan ló kù mí kù. Mi ò lè lé ọ, mi ò sì lè wò ọ́ lójú."

Mùhámmẹ́d mú àdá, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ kòkó. Bí wọ́n ṣe ń gbé nìyẹn láti ìgbà náà. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀, ọ̀rọ̀ kò sì sí láàrin wọn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé kí nǹkan wuni. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fọkàn tán, tí a rán níṣẹ́, ẹ̀mí ẹlòmíràn lè wà nínú iṣẹ́ náà. Mùhámmẹ́d lo odindi ọ̀sán láti yàn láàrin pupa àti aró, kò sì fi ìṣẹ́jú kan bi ara rẹ̀ léèrè ẹni tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ra ọkọ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn kò rí oògùn àbámọ̀ ṣe.